Ọmọ mi bá pásítọ̀ jiyàn nítorí eegun

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbígbẹ̀yìn mi tó wà ní yunifásítì wálé fún ọdún Àjíǹde, ló bá ń bá pásítọ̀ wa jiyàn nídìí oúnjẹ. Pásítọ̀ ní ayé ò ju 6,000 ọdún lọ. Ọmọ gbé ohùn sókè, ó ní irọ́ ni, wọ́n ti hú eegun èèyàn tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́bàá Àkúrẹ́. Pásítọ̀ ti ń gbààwẹ̀ fún un báyìí. Ta ni kí n gbà gbọ́? (Ìyá Táíwò, Iléṣà)

ÌDÁHÙN: Ìyá Táíwò, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Irú èmi ló dá wàhálà yìí sílẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní bàyọ́lọ́jì. Tí a bá ti dé ibi tí ìwé ti sọ bí ohun alààyè ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran, màá ní, "Ẹ kọ ọ́ fún WAEC, ẹ má gbà á gbọ́ o." Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan nawọ́: "Sà, ṣé irọ́ la fẹ́ lọ kọ nínú ìdánwò ni?" Mo ní kó jókòó. Kò sí èsì lẹ́nu mi.

Ti 6,000 yẹn, mo ti ka Jẹ́nẹ́sísì tán nínú Bíbélì Yorùbá mi, n kò rí i níbẹ̀. Èèyàn ló ṣírò rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà kan ní Ireland, James Ussher, ro ọjọ́ orí Ádámù, Sẹ́ẹ̀tì àti àwọn ìran wọn pọ̀ mọ́ ìtàn àwọn ọba, ó sì kọ ọ́ lọ́dún 1650 pé ọdún 4004 ṣáájú ìbí Jésù ni Ọlọ́run dá ayé. Bàbá náà ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ ká gbà fún un.

Eegun tí ọmọ yín ń sọ, Ihò Eléérú, ihò àpáta kan lẹ́bàá Ìsàrun nítòsí Àkúrẹ́, ni awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àtàwọn èèyàn rẹ̀ ti hú u lọ́dún 1965. Èédú tó wà nítòsí rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ ọdún rẹ̀. Ẹ wo èédú tí ẹ fi ń sun àgbàdo. Igi ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tó wà láàyè, ó ń gba irú kábọ́ọ̀nù kan tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù 14 láti inú afẹ́fẹ́. Ọjọ́ tó kú ni kò gba òmíràn mọ́, èyí tó wà lára rẹ̀ á wá máa dínkù bí omi inú kèrègbè tó ń jò. Tó bá fi máa pé nǹkan bíi 5,730 ọdún, ìdajì ti lọ. Tí iye ọdún yẹn bá tún kọjá, ìdajì ohun tó ṣẹ́kù náà á lọ. Èédú Ihò Eléérú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀: ó lé ní 11,000 ọdún. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá fi ibi tí kèrègbè ti jò ju bó ṣe yẹ lọ hàn wá. Ààwẹ̀ ò lè fìyẹn hàn.

Àmọ́ bí ọmọ yín bá torí eegun ní kò sí Ọlọ́run, mo ta kò ó. Georges Lemaître, àlùfáà Kátólíìkì láti Belgium, ló sọ lọ́dún 1931 pé láti inú ohun kékeré kan ni gbogbo àgbáálá ayé ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Póòpù Pius Kejìlá fẹ́ fi irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀dá lẹ́yìn lọ́dún 1951, inú Lemaître ò dùn sí i. Àlùfáà ni o! Kò fẹ́ kí wọ́n fi ìṣirò rẹ̀ jẹ́rìí fún Ọlọ́run, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ kí wọ́n fi jẹ́rìí takò Ó.

Èmi náà ò yé lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Lóru tí ìyàwó mi kú, mo gbàdúrà, ọkàn mi sì balẹ̀ lọ́nà tí n kò lè ṣàlàyé. Ẹ̀rí ni fún mi, ṣùgbọ́n n kò lè dì í sínú ọ̀rá fún ọmọ yín kó gbé e lọ yẹ̀ wò bí èédú.

Ẹ ní kó lọ bẹ pásítọ̀ nítorí ohùn tó gbé sókè. Kó má bẹ̀ ẹ́ nítorí eegun.