Ẹ Bi Wá: Ìdíje Ìtàn Kúkúrú

*Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi ìtàn ránṣẹ́ sí ìdíje ìtàn kúkúrú lédè Yorùbá, n kò sì rí orúkọ mi rí láàárín àwọn mẹ́wàá tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀. Gbogbo ará ilé tó ka àwọn ìtàn náà ló ní wọ́n dùn. Kí ni àwọn adájọ́ ń wá gan-an? — Aránṣọ kan, Iléṣà.*

Ẹ kú ìforítì, ìyá wa. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ìtàn náà dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ti mọ ohùn yín kí wọ́n tó ṣí ìwé, bẹ́ẹ̀ adájọ́ kò mọ̀ yín rí, tiyín sì lè jẹ́ ìtàn kẹtàdínlógójì tí yóò kà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí mo rí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè mí sí irú iṣẹ́ yìí ni pé ojú ewé kìíní ló ń pa ọ̀pọ̀ ìtàn. Òǹkọ̀wé á sọ bí oòrùn ṣe yọ, bí àwọn ẹyẹ ṣe ń ké, bí ìyá arúgbó ṣe jí tó sì bọ́jú, kí ó tó wá sọ fún wa pé wọ́n ti jí ewúrẹ́ ìyá náà gbé. Ẹ wo gbólóhùn tí mo ṣe fún àpẹẹrẹ yìí: “Okùn ewúrẹ́ náà ṣì so mọ́ òpó, ọ̀bẹ tí kò mú ni wọ́n fi gé e, Ìyá Àlàkẹ́ sì mọ ilé tí ọ̀bẹ náà ti wá.” Olè ti wọ inú ìtàn, a ti ń fura sí aládùúgbò, a kò sì tíì lo ju gbólóhùn kan lọ.

Ibi kejì tí máàkì ti ń jò ni ìparí. Ìtàn á máa lọ geere, àfi kí òǹkọ̀wé dìde lójijì bíi oníwàásù, kí ó ní ẹ̀kọ́ tí ìtàn òun kọ́ wa ni pé olè kò dára. Àlọ́ ìjàpá ló ni irú ìparí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ ẹ́. Nínú ìtàn kúkúrú, ẹ jẹ́ kí Ìyá Àlàkẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé náà, kí òórùn ẹran yíyan kí i, kí ẹ sì fi wá sílẹ̀ níbẹ̀.

Àmì ohùn ńkọ́? Mo ti ka gbólóhùn kan rí nínú ìdíje pé obìnrin kan “ta ọkọ rẹ̀ láti fi san owó ilé ìwé.” Ọkọ̀ ni òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. Mo rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n máàkì lọ. Bákan náà, bí “enia” àti “yio” bá wà nínú ìwé kan náà pẹ̀lú “ènìyàn” àti “yóò”, adájọ́ yóò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò tún un kà. Àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní ọdún 1974 ni kí ẹ dì mú látòkè délẹ̀. Kí ẹ tó fi ìtàn ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi í sórí fóònù ẹlòmíràn, nítorí pé àmì ohùn a máa di àpótí kéékèèké nígbà mìíràn tó bá kúrò lórí kọ̀ǹpútà tí a fi tẹ̀ ẹ́.

*Ìdíje kan ní kí n san 5,000 náírà kí n tó wọlé, ìwé ìlànà wọn sì sọ pé gbogbo ìtàn tó bá wọlé ti di tiwọn. Ṣé kí n san án? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn.*

Rárá. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gba owó ìwọlé ni oníjìbìtì, àmọ́ ẹ ṣírò rẹ̀: bí 200 ènìyàn bá san án, mílíọ̀nù kan náírà ni, eélòó ni ẹ̀bùn? Ìdíje ìtàn kúkúrú ti Commonwealth, tí àwọn òǹkọ̀wé láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń wọ̀, kì í gba kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ pé ìtàn di tiwọn yẹn ló burú jù. Kí wọ́n gba àyè láti tẹ ìtàn tó gbégbá orókè lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn tọ́. Kí wọ́n gba ti ẹni tó fìdí rẹmi pẹ̀lú, olè ni. Wọ́n ti ṣe é fún èmi náà rí: orí àtẹ ni mo ti rí ìtàn mi nínú ìwé pélébé kan, láìsí orúkọ mi.

*Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìlú wa ní kí èmi àti àwọn méjì mìíràn dájọ́ ìdíje wọn. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni àgbà wa, mo sì mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ mi kan wọlé. Báwo ni a ṣe máa bọ́ lọ́wọ́ ojúsàájú? — Olùkọ́, Ìsẹ́yìn.*

Kí akọ̀wé yọ orúkọ kúrò lára gbogbo ìtàn, kí ó fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀. Kí oníkálukú yín fún ìtàn ní máàkì nílé, kí ó sì fi ìwé máàkì náà lé akọ̀wé lọ́wọ́ kí ẹ tó jókòó pọ̀. Èmi a máa fi 40 sílẹ̀ fún bí ìtàn ṣe hun ara rẹ̀, 30 fún èdè, 20 fún àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀, 10 fún àkọtọ́. Bí ẹ bá dá ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ yín mọ̀, ẹ sọ ọ́ jáde, kí àwọn méjì yòókù dájọ́ tirẹ̀.

Ti bàbá àgbà yìí gba ọgbọ́n. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àríyànjiyàn ti parí nìyẹn, torí pé ta ni yóò já wọn nírọ́? Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó wà nínú ìlànà pé ẹni tó kéré jù lọ́jọ́ orí ni yóò kọ́kọ́ sọ èrò rẹ̀, kí bàbá sì sọ tiwọn gbẹ̀yìn. Ọ̀wọ̀ ni wọn yóò kà á sí. Ẹ má sì bẹ̀rù àìfohùnṣọ̀kan. Ìdíje kan ní ọdún 1936 ló mú kí Fágúnwà kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tó jáde ní 1938, ó sì dá mi lójú pé adájọ́ tí kò fẹ́ràn iwin àti àsọdùn ì bá fún un ní máàkì tín-ń-tín. Ìdí tí ẹ fi jẹ́ mẹ́ta nìyẹn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá kéde, ẹ má ya ìwé máàkì. Bàbá ọmọ kan yóò wá béèrè rẹ̀.