Ṣé pípọ̀ wa ni yóò gba ipò Japan?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní àgbà ló kún Japan báyìí, pé láìpẹ́ wọn ò ní lẹ́nu lọ́rọ̀ láyé mọ́, àwa tí a pọ̀ la máa gba ipò wọn. Ọmọ mi ń kọ́ èdè wọn, ó fẹ́ lọ máa tọ́jú arúgbó níbẹ̀. Ṣé kí n dá a dúró?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ó ti lé lógún ọdún tí iye èèyàn Nàìjíríà ti ju ti Japan lọ. Ipò wo la rí gbà? Àwọn náà ló ṣì ń ta mọ́tò fún wa.

Òótọ́ ni pé wọ́n ń dínkù. Mílíọ̀nù 128 ni wọ́n ní 2008. Wọn ò tó 125 mọ́. Ọmọ tí wọ́n bí ní 2024 ò pé 700,000, òkú ọdún yẹn sì lé ní mílíọ̀nù 1.6.

Ṣùgbọ́n ta ló ré wọn kọjá? Ṣáínà gba ipò kejì lọ́wọ́ wọn nínú ọrọ̀ ajé ní 2010, Jámánì gba ìkẹta ní 2023. Jámánì kẹ̀! Níbi tí òkú ti ń ju ọmọ tuntun lọ lọ́dọọdún láti 1972. Dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò ọrọ̀ ajé, yẹ́ǹ, owó Japan, sì ti jábọ́. Kì í ṣe ilé ìgbẹ̀bí ni wọ́n ti borí wọn. Ẹ tún wo owó tí Japan ń dá sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé: ní 2000, ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú márùn-ún owó àjọ náà, láti 2022 sí 2024, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Owó tó ń wọlé fún ìlú ni wọ́n ń wò jù láti pín in, kì í ṣe iye orí.

Ibi tí àìtó ọ̀dọ́ ti ń dùn wọ́n gan-an ni iṣẹ́ ológun. Ní 2018 wọ́n sún ọjọ́ orí ìgbàsíṣẹ́ láti 26 dé 32, síbẹ̀ bí ìdajì iye tí wọ́n ń wá ni wọ́n rí ní 2023.

Ẹ má dá ọmọ yín dúró. Àìtó èèyàn yẹn náà ló mú wọn ṣí ọ̀nà tuntun fún òṣìṣẹ́ àjèjì ní oṣù kẹrin 2019. Ìdánwò mẹ́ta ló wà níwájú ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú lọ́nà yìí: ti iṣẹ́ náà, ti èdè tí wọ́n ń lò nídìí ìtọ́jú, àti ti èdè Japan fúnra rẹ̀ (N4, ìpele kejì láti ìsàlẹ̀ nínú ìdánwò èdè wọn, tó). Ajẹ́ǹtì tó bá ní kò sí ìdánwò, kí ẹ sáà san owó, olè ni. Òfin wọn ń yí padà o, ẹ má fi tèmi nìkan ṣe. Ẹ béèrè nílé iṣẹ́ aṣojú Japan l'Ábújá kí ẹ tó san kọ́bọ̀.