Ìwúkàrà kì í ṣe yíìsì, títa tí àwọn Júù sì ń tà á kì í ṣe ẹ̀tàn

Ẹ̀gbọ́n kan ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé tí Ìrékọjá bá ti ku ọ̀la, àwọn Júù á ta búrẹ́dì àti ọtí wọn fún ẹni tí kì í ṣe Júù, tí àjọ bá parí wọ́n á tún rà á padà, bẹ́ẹ̀ ọjà ọ̀hún ò kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀gbọ́n wá ní, ṣé èyí kì í ṣe ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí, ta ni wọ́n ń tàn, ṣé Ọlọ́run ni? Wọ́n tún ní ṣé yíìsì náà ni Bíbélì ń pè ní ìwúkàrà.

Ẹ̀gbọ́n mi, kò rí bẹ́ẹ̀ o, àmọ́ mi ò dá yín lẹ́bi torí èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà nílé ìyá Júù kan ní Golders Green ní Lọ́ńdọ̀nù, Ìrékọjá mẹ́rin ló ṣojú mi níbẹ̀, Màmá sì ti ṣe tíṣà rí, téèyàn bá bi wọ́n ní nǹkan kan péré, ó di kíláàsì nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú ti yíìsì kúrò nílẹ̀ ná. Tó bá jẹ́ yíìsì ni òfin Ìrékọjá ń lé kúrò nílé, wáìnì ni ì bá kọ́kọ́ jáde, torí yíìsì ló ń sọ omi àjàrà di wáìnì. Ṣùgbọ́n wáìnì lọba tábìlì Ìrékọjá, ife mẹ́rin ni kálukú gbọ́dọ̀ mu lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Ohun tí òfin kọ̀ ni ọkà márùn-ún kan, àlìkámà, ọkà báálì, ráì, óòtù àti spelt tó jẹ́ ìbátan àlìkámà, tí omi bá ti kàn wọ́n tí wọ́n sì ráyè jókòó kí iná tó sè wọ́n. Ọ̀rọ̀ méjì ni Hébérù ní fún un. Se'or ni ìyẹ̀fun kíkan tí wọ́n ń ṣẹ́ kù sílẹ̀ láti fi mú ìyẹ̀fun tuntun wú, òun ni Bíbélì wa pè ní ìwúkàrà, nǹkan tó ń mú àkàrà wú. Chametz ni ohun tó ti wú náà. (Àkàrà tibí yìí, búrẹ́dì ni o, láyé ìgbà tí wọ́n ń pè é ní àkàrà òyìnbó. Àkàrà ẹlẹ́wà ò ní chametz kankan nínú, bó ti wù kó wú tó nínú epo.)

Ìṣẹ́jú 18 ni wọ́n fún un. Àwọn àgbà inú Talmud, ìwé ńlá tí àwọn àgbà Júù ti ń túmọ̀ òfin, ló fi ìrìn díwọ̀n ẹ̀, ìwọ̀n àsìkò téèyàn fi ń fẹsẹ̀ rin ohun tó tó kìlómítà kan, ìyẹn ló wá di ìṣẹ́jú 18 lọ́wọ́ àwọn tó ń lo aago. Tí ìyẹ̀fun àlìkámà bá ti bá omi pàdé tó sì jókòó tó bẹ́ẹ̀ láìsí ẹni tó ń fọwọ́ pò ó, ó ti di chametz, kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá da yíìsì sí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fọwọ́ ṣe mátísà, ìyẹn àkàrà aláìwú, fi ń sáré bí ẹni tí iná ń jó ilé ẹ̀, ẹni kan ń pò, ẹni kan ń tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ẹni kan ń lu ihò sí i, ó di inú ófùn, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn wọ́n á pààrọ̀ bébà orí tábìlì, wọ́n á fọ ọwọ́ títí kan abẹ́ èékánná. Omi tí wọ́n fi ń pò ó gan-an, ó gbọ́dọ̀ ti sùn mọ́jú kó lè tutù.

Torí náà bíà, chametz ni. Wísíkì, chametz. Sẹ̀mó, indómì, bísíkíìtì, chametz ni gbogbo wọn. Ìrẹsì, ẹ̀wà àti àgbàdo ò sí nínú ọkà márùn-ún yẹn, àmọ́ àwọn Júù tó ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù, àwọn Ashkenazi, ti fi wọ́n sínú èèwọ̀ tipẹ́, nítorí pé wọ́n ń lọ̀ wọ́n bí ìyẹ̀fun, wọ́n sì máa ń dà pọ̀ mọ́ àlìkámà nínú àpò. Àwọn Sephardi, tí Spéènì ni wọ́n ti ṣẹ̀, ní tiwọn ń jẹ ìrẹsì wọn láìwẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ àwọn tó wá láti ilẹ̀ Lárúbáwá náà sì ń jẹ ẹ́. Ìran Poland ni Màmá, ìdílé Mòrókò ni ìyàwó ọmọ wọn ti wá, ẹ bá mi ro ìjà ìrẹsì tó máa wà láàárín ìyá ọkọ àti ìyàwó lọ́dọọdún. Ọ̀dùnkún la fi ń ti ọjọ́ mẹ́jọ nílé Màmá, a sè é, a yan án, a gún un, títí tí òórùn ẹ̀ fi sú mi.

Ìmọ́tótó ti ń lọ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Wọ́n ń yọ àpò kóòtù síta, wọ́n ń gbọn ìwé torí èérún bísíkíìtì lè wà láàárín ojú ewé. Ti ìkòkò ló wù mí jù. Òfin wọn ni pé bí ìkòkò bá ṣe mu chametz sára náà ló ṣe máa pọ̀ ọ́ jáde: èyí tí wọ́n fi ń se nǹkan olómi, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24 láìlò ó, wọ́n á wá rì í sínú omi tó ń hó yaya, èyí tí wọ́n fi ń yan nǹkan lójú iná gangan, iná náà ló máa wẹ̀ ẹ́, títí tó fi máa pọ́n. Ṣùgbọ́n ìkòkò amọ̀ ò ní ìwẹ̀nùmọ́, ohun tó bá ti mu, ó ti mu ún nìyẹn. Nígbà tí Màmá sọ èyí fún mi mo ní ẹni tó bá ti fi ìṣaasùn ìyá àgbà mi sebẹ̀ rí máa gbà fún wọn, torí ìkòkò yẹn kì í gbàgbé ọbẹ̀.

Alẹ́ tó ṣáájú àjọ ni wọ́n máa wá ilé kiri. Mishnah, ìwé òfin àtijọ́ tí Talmud dúró lé lórí, fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́, pé alẹ́ tó wọ ọjọ́ 14 oṣù Nisan, oṣù Ìrékọjá, ni kí wọ́n fi iná fìtílà wá a. Ọmọ Màmá máa mú àbẹ́là, ìyẹ́ ẹyẹ àti ṣíbí onígi dání, wọ́n á pa iná ilé. Àṣà wọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú búrẹ́dì kéékèèké mẹ́wàá síbi kọ̀rọ̀ kí àdúrà tí wọ́n gbà sórí wíwá náà má bàa di asán, èmi ni Màmá sì fún níṣẹ́ títọ́jú ẹ̀ lọ́dún kejì. Mo wé e sínú bébà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi pamọ́, mi ò kọ ibi tí mo fi sí sílẹ̀. Wọ́n rí mẹ́sàn-án. Gbogbo wa nà tàntàn lórí kápẹ́ẹ̀tì ní aago mọ́kànlá òru, ìda àbẹ́là ń kán sí mi lọ́wọ́, mo ń bẹ̀bẹ̀, ìkẹwàá ò jáde. Ọmọ Màmá fi ọkàn mi balẹ̀, ó ní kò sí wàhálà, ó wá ka ọ̀rọ̀ kúkúrú kan tó jẹ́ pé ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé gbogbo chametz tó wà lọ́wọ́ òun tí òun ò rí, kó di asán, kó di ohun tí kò ní olówó, bí erùpẹ̀ ilẹ̀. Èdè Árámáíkì ni wọ́n fi ń kà á torí òun ni mẹ̀kúnnù ń sọ láyé ijọ́un, ẹni tí kò bá sì gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ fi èdè tó gbọ́ sọ ọ́, kì í ṣe ọfọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n dáná sun mẹ́sàn-án yẹn. (Oṣù Keje ni mo rí ìkẹwàá, nínú bàtà òjò.)

Bí erùpẹ̀ tí kò ní olówó. Ibẹ̀ ni ìdáhùn ẹ̀gbọ́n wà o. Ẹ ṣí Ẹ́kísódù 13:7, Bíbélì wa ní a ò gbọdọ̀ rí àkàrà wíwú “lọ́dọ̀ rẹ”. Lédè wa, lọ́dọ̀ rẹ ni ibi tó o wà, àgbègbè rẹ. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú Hébérù níbẹ̀ ni lecha, ó sì lè jẹ́ “tìrẹ”. Àwọn àgbà Talmud mú “tìrẹ” yẹn dání gírígírí, wọ́n ní tìrẹ ni o ò gbọdọ̀ rí, o lè rí ti ẹlòmíì. Ìyẹn ni pé òfin yìí ò dá lórí jíjẹ nìkan, ó dá lórí ẹni tó ni ín. Júù tó bá ní páálí wísíkì kan nínú ilé ìkẹ́rù ní Scotland lásìkò Ìrékọjá ti rú òfin láìfi ẹnu kàn án. Wísíkì aládùúgbò ẹ̀ tí kì í ṣe Júù lè wà lójú fèrèsé níwájú ẹ̀ lójoojúmọ́, kò kàn án.

Ohun tó wá yé mi nìyẹn nípa páálí indómì mi. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ débẹ̀ mo ra odidi páálí kan, mo kó o sí kíṣínì láìmọ̀. Mo rò pé Màmá máa pariwo. Wọ́n kàn ní, “Tìrẹ ni, kì í ṣe tèmi, gbé e lọ sí yàrá rẹ kó o tilẹ̀kùn, má sì jẹ ẹ́ lórí tábìlì mi.” Lójú mi nígbà yẹn, àánú ni wọ́n ṣe mí. Òfin ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Títà wá ńkọ́? Kì í ṣe àná ló bẹ̀rẹ̀. Tosefta, ìwé òfin àtijọ́ tó bá Mishnah rìn, sọ nípa Júù kan àti ẹni tí kì í ṣe Júù tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ ojú omi, chametz wà lọ́wọ́ Júù, Ìrékọjá ń bọ̀, kò síbi tó máa gbé e sí. Wọ́n ní kó tà á fún ẹnì kejì ẹ̀ tàbí kó fi ta á lọ́rẹ, lẹ́yìn àjọ ó lè rà á padà lọ́wọ́ ẹ̀, tó bá ṣáà ti jẹ́ pé ó fún un ní àfúntán. Nígbà tó yá ní Poland, àwọn Júù ló ń háyà ilé ọtí àti ilé tí wọ́n ti ń pọn ọtí lọ́wọ́ àwọn ìjòyè, ta ló máa gbé àgbá ọtí ọgọ́rùn-ún jáde sójú títì? Rábì Joel Sirkis tó kú ní 1640 wá gbà pé kí wọ́n ta ọtí pẹ̀lú yàrá tó wà nínú ẹ̀, ọtí ò kúrò, ilẹ̀ tó jókòó lé lórí ló kúrò lọ́wọ́ olówó ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é títí dòní nìyẹn. Rábì gbé fọ́ọ̀mù wá fún Màmá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kọ́bọ́ọ̀dù apá òsì ní pálọ̀, wísíkì tí ọkọ wọn tó ti dolóògbé ń kó jọ ló wà nínú ẹ̀, wọ́n kọ iye tí wọ́n rò pé ó tó, rábì ní kí wọ́n gbé pẹ́ńnì òun sókè, gbígbé yẹn ni ẹ̀rí pé wọ́n ti fún un láṣẹ láti bá wọn tà á. Ẹni tí rábì tà á fún san àsansílẹ̀, èyí tó kù di gbèsè tó máa san lẹ́yìn àjọ, àyè kọ́bọ́ọ̀dù náà ti di èyí tó háyà, tó bá wá kan ilẹ̀kùn ní ọjọ́ kẹta tó ní òun fẹ́ mu nínú ọtí òun, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn fún un. Tí kò bá wá san gbèsè tó kù lẹ́yìn àjọ, ọjà á padà sọ́wọ́ àwọn tó tà á. Ìjọba Ísírẹ́lì gan-an ń ta tiẹ̀, ti ilé iṣẹ́ ìjọba àti ti ológun, ọ̀pọ̀ ọdún ló jẹ́ pé Lárúbáwá Mùsùlùmí kan tó jẹ́ máníjà òtẹ́ẹ̀lì, ọmọ abúlé Abu Ghosh, ló ń rà á.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé a ò mọ oko kòkó tí wọ́n fi dógò ni? Oko ò rìn, igi ò yẹsẹ̀, ẹni tó gbìn ín ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá láràárọ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ ká ẹyọ kan títí tó fi máa san owó olówó. Ẹnikẹ́ni ò pe ìyẹn ní ẹ̀tàn. Mo gbà pé àwọn kan ń buwọ́ lu fọ́ọ̀mù wọ̀nyí bí ẹni buwọ́ lu ìwé tí kò kà, àwọn Júù mìíràn náà ò sì fara mọ́ títa búrẹ́dì gangan, ọtí àti nǹkan olówó gọbọi nìkan ni wọ́n ń tà, búrẹ́dì wọ́n á jẹ ẹ́ tán tàbí kí wọ́n sun ún. Màmá wà lára wọn. Ẹni tí kò bá sì tà tí kò sun, chametz tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ la àjọ já di èèwọ̀ títí láé, kò lè jẹ ẹ́, kò lè tà á, ìyà tí àwọn àgbà fi jẹ ẹ́ nìyẹn.

Ọjọ́ méje ni ní Ísírẹ́lì, mẹ́jọ ní òkè òkun, torí láyé tí wọ́n ń fi ojú rí oṣù, ìròyìn kì í tètè dé ọ̀nà jíjìn. Ní òkè òkun, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ àti méjì ìkẹyìn, wọn kì í ṣiṣẹ́, wọ́n lè dáná oúnjẹ ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ ṣáná tuntun, torí náà Màmá máa ń tan àbẹ́là ńlá kan sínú gíláàsì ṣáájú, ara ẹ̀ ni wọ́n ti ń bu iná.

Lọ́dún tí mo ṣe kẹ́yìn níbẹ̀, ilẹ̀ ṣú lọ́jọ́ kẹjọ, ọmọ wọn ti ń kó abọ́ Ìrékọjá sínú páálí, ó ń tọrọ wísíkì bàbá ẹ̀. Mo di sẹ́lótéèpù tó wà lára kọ́bọ́ọ̀dù mú, mo ní, “Màmá, ṣé kí n já a?” Wọ́n wo aago. “Rábì ní tó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ òun á ti rà á padà. Kò tíì di tiwa.” Ogún ìṣẹ́jú ló kù. Mo fa àga, mo jókòó tì wọ́n, àwa mẹ́ta ń wo kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n.