Ẹ ti kọ 1.1.1.3 sí router, ìkànnì ìwòkuwò ṣì ń ṣí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú wàhálà ọmọ. Ẹ ní ẹ ti fi 1.1.1.3, ti Cloudflare tó ń dí ìwòkuwò, ṣe DNS (ohun tó ń bá fóònù wá nọ́ńbà ìkànnì) lórí router yín ní Surulere, síbẹ̀ ìkànnì ìwòkuwò ṣì ń ṣí lórí fóònù àwọn ọmọ, customer care iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín sì ní kí ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn. Ẹ má wulẹ̀ fi owó káàdì pè wọ́n mọ́. Ohun tó wù kó ṣe router, "ẹ pa á, ẹ tàn án" náà ni wọ́n mọ̀.

Ó jọ pé IPv6 (irú nọ́ńbà íntánẹ́ẹ̀tì tuntun, IPv4 ni ti àtijọ́) ló ń ṣe yín. 1.1.1.3 tí ẹ kọ, ti IPv4 nìkan ni. Router tó ń lo símù sábà máa ń gba IPv6 pẹ̀lú, ó sì ń gba ibẹ̀ pín DNS iléeṣẹ́ fún fóònù. Android kì í tilẹ̀ gba DNS láti inú DHCPv6 (ọ̀nà tí router fi ń pín ètò IPv6). Inú ìkéde tí router ń ṣe fúnra rẹ̀ ló ti ń mú DNS yẹn. Ẹ lè máa wo ojú ewé DHCP (ibi tí router ti ń pín nọ́ńbà àti DNS fún fóònù) títí ilẹ̀ á fi ṣú, gbogbo rẹ̀ á pé, ìkànnì á ṣì máa ṣí. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé kì í ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Fóònù á bi DNS yìí léèrè nísinsìnyí, á bi tọ̀hún tó bá yá. Ẹ ó ti rò pé ó ti dí.

Bí router yín bá láyè DNS lábẹ́ IPv6, ẹ kọ 2606:4700:4700::1113 àti 2606:4700:4700::1003 síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ router iléeṣẹ́ ni kò ní in. Ẹ lọ sí APN (ètò tí símù fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì) nígbà náà. Èyí tó wà níbẹ̀ lè má gba àtúnṣe, torí náà ẹ ṣí tuntun, ẹ da orúkọ APN kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kí ẹ sì mú IPv4 dípò IPv4v6.

Bí iléeṣẹ́ bá ti ti APN náà pa, bíi pé àwọn ló ń bá yín san dátà, ẹ ra router tiyín tó ní ojú WAN (ihò tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé). Okùn láti LAN (ihò tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà jáde) tiwọn sí WAN tiyín, kí ẹ pa IPv6 lórí tiyín. Ẹ pa Wi-Fi tiwọn, àwọn ọmọ ti mọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Bí méjèèjì bá ń jẹ́ 192.168.1.1, wọ́n á forí gbárí. Ẹ sọ tiyín di 192.168.10.1. Ẹ kọ 1.1.1.3 àti 1.0.0.3 sí WAN àti DHCP. Ẹ má fi 8.8.8.8 (ti Google, tí kì í dí ìwòkuwò) ṣe èkejì "bóyá àkọ́kọ́ á kú" o! Fóònù kì í dúró kí àkọ́kọ́ kú kó tó lọ bá èkejì.

Ẹ pa Wi-Fi fóònù, ẹ tàn án, kí ẹ ṣí ìkànnì ìdánwò nudity.testcategory.com. Bí kò bá ṣí, ó ti dí.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá ra Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré) ní Computer Village kí ẹ fi Pi-hole (ètò tó ń fi DNS dí ìkànnì) sí i, ẹ bi ara yín bóyá ẹ ní inverter. Bí wọ́n ṣe ń múná lọ lójijì yẹn ń ba mẹ́mọ́rì káàdì rẹ̀ jẹ́, tó bá sì kú, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ilé. Ìpolówó ọjà ni àkójọ tó bá a wá ń dí, kì í ṣe ìwòkuwò.

Ti dátà orí símù àwọn ọmọ: family.cloudflare-dns.com lábẹ́ Private DNS, Android 9 sókè. Ọmọ tó gbọ́n lè yọ ọ́, tàbí kó fi VPN (áàpù tó ń gba ọ̀nà mìíràn yẹ DNS yín sílẹ̀) sí i, torí náà ẹ fi Family Link, áàpù Google tí òbí fi ń ṣọ́ fóònù ọmọ, ṣe é kó má lè fi áàpù tuntun sí i láì gbàṣẹ.

DNS kò rí inú TikTok tàbí Telegram. Àfi kí ẹ dí gbogbo rẹ̀ pátá. Ní ti YouTube àti Google, DNS mìíràn tó ń jẹ́ CleanBrowsing, 185.228.168.168 àti 185.228.169.168, ń fipá tan safe mode wọn, àmọ́ ó ń dí Reddit àti VPN pẹ̀lú. Bí ẹ bá ń fi VPN ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì nílé, ó lè dí tiyín náà.

Bí ẹnjiníà wọn bá wá sílé, ẹ dúró tì í. Tó bá ti tẹ reset, DNS wọn ló padà dé yẹn.