Ṣé oúnjẹ Táílàńdì tó ohun tí wọ́n ń wọ báálù torí ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí wa. Iléṣà ni mò ń gbé, mo sì fẹ́ràn oúnjẹ gan-an. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Bangkok, olú ìlú Táílàńdì, dé, oúnjẹ wọn nìkan ló ń sọ ṣáá. Ṣé lóòótọ́ ni àbí ó kàn ń ṣe fọ́ọ̀mù?

Ìdáhùn: Kò parọ́ jàre. Ẹ gbọ́ ti som tam ná: ìbẹ́pẹ tí ò tíì pọ́n ni wọ́n máa rẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n á gún ata wẹ́ẹ́rẹ́ àti áyù nínú odó, wọ́n á da ìbẹ́pẹ yẹn sí i pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́, omi ẹja oníyọ̀, ṣúgà ọ̀pẹ àti ẹ̀pà, wọ́n á tún wá rọra máa gún un lójú yín báyìí (ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà tẹ́ ẹ rò pé iyán nìkan lodó wà fún!). Ó ń kan, ó ń dùn, ó ń ta, lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Isan, ìyẹn apá àríwá-ìlà-oòrùn Táílàńdì, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì tó máa ń lẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú ẹ̀.

Tom yum kung, ọbẹ̀ edé tí wọ́n fi ewé tíì sè, àjọ àgbáyé UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ àwọn àṣà tó yẹ ká tọ́jú ní 2024. Ní Bangkok, ìyá alásè kan, Jay Fai, tó ń fi iná èédú dín ẹyin tí wọ́n fi ẹran alákàn sí, gba ìràwọ̀ Michelin (àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún ilé oúnjẹ tó dára gan-an), àmọ́ owó ẹ̀ ti kúrò ní ti bùkà o! Èmi á kọ́kọ́ jẹ tojú títì.

Tẹ́ ò bá fẹ́ ata, ẹ sọ pé “mai phet”. Tí edé tàbí ẹ̀pà bá sì ń bá yín jà, ẹ tètè sọ kí wọ́n tó gbé odó.