Ọkàn mi ń ró lẹ́ẹ̀mejì, ṣé kò sí wàhálà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ-ọmọ mi ló gbé etí lé mi láyà lálẹ́ àná tí wọ́n múná lọ, ló bá ní "Màmá, ẹ̀ẹ̀mejì lọkàn yín ń ró, gbì-dù, gbì-dù." Àtìgbà yẹn ni ara mi ò ti balẹ̀. Àti nọ́ńbà méjì tí nọ́ọ̀sì máa ń kọ tí wọ́n bá wo bípí mi, kí ni ìkejì wà fún? (Ìyá aláta, Sábó, Ilé-Ifẹ̀)

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ọjà o. Kò séwu, etí ọmọ yẹn mú ni. Ẹ̀ẹ̀kan lọkàn ń lù, ìró méjì ló wà nínú ẹ̀, ilẹ̀kùn tó ń pa dé lẹ sì ń gbọ́ yẹn.

Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọkàn, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ti rin gbogbo ara tán á padà sí yàrá òkè lápá ọ̀tún, èyí tó lọ gba ọ́síjìn nínú ẹ̀dọ̀fóró á wọ ti apá òsì, púpọ̀ nínú ẹ̀ á ti ṣàn wálẹ̀ fúnra ẹ̀ kí yàrá òkè tó fún ìyókù sílẹ̀. Yàrá ìsàlẹ̀ á wá fún ara ẹ̀ pọ̀ bí ẹni ń lọ́ aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ilẹ̀kùn àárín á pa dé gbì kẹ́jẹ̀ má baà padà sókè, tọ̀tún á gba ẹ̀dọ̀fóró lọ, tòsì á gba iṣan ńlá lọ sí gbogbo ara (ògiri apá òsì nípọn ju tọ̀tún lọ, ọ̀nà ẹ̀ jìn). Tó bá dẹwọ́, ẹ̀jẹ̀ á fẹ́ sẹ́yìn, ilẹ̀kùn ẹnu iṣan náà á pa dé, dù.

Gbogbo ẹ̀ ò tó sẹ́kọ́ńdì kan o! Ìsinmi ẹ̀ ló sì gùn ju fífún lọ, ohun táwọn èèyàn ò mọ̀ nìyẹn, wọ́n ní ọkàn kì í sinmi. Ìgbà tó bá sinmi gan-an ló ń rẹ́jẹ̀ jẹ fúnra ẹ̀.

Lílù kan ń tú bíi mílílítà 70 jáde, tó bá lù lẹ́ẹ̀meje ó ti fẹ́ẹ̀ tó píọ̀wọ́tà kan, láàárín mínìtì kan ó ti tó kẹ́ẹ̀gì epo lítà 5, ara yín náà ni yóò sì gbà á padà.

Nọ́ńbà òkè ni bẹ́jẹ̀ ṣe ń ti ògiri iṣan tọ́kàn bá fún un, tìsàlẹ̀ ni ìgbà tó ń sinmi, torí náà ẹ béèrè méjèèjì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n tọ́mọ yẹn bá tún gbọ́ "fùù" láàárín gbì àti dù, ẹ jẹ́ kí dókítà fi ẹ̀rọ gbọ́ ọ, ó lè jẹ́ pé ilẹ̀kùn kan ò pa dé dáadáa.