Sí àbúrò tó fẹ́ kọ̀wé fi báǹkì sílẹ̀

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ. Màkẹ́tíǹgì lo ń ṣe ní báǹkì kan ní Màrínà, tágẹ́ẹ̀tì ò jẹ́ kí o sùn, o fẹ́ iṣẹ́ tó máa tẹ́ ọ lọ́rùn ṣùgbọ́n o ò tíì mọ èyí tó jẹ́. O wá ń bèèrè bóyá kí o kọ̀wé sílẹ̀ ná, kí o sinmi, kí o lè ráyè wá a. O tún ní ẹnì kan tó ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn lórí iṣẹ́ ti gbowó lọ́wọ́ rẹ, ó ní kí o kọ ohun tí ò bá wù ọ́ láti máa ṣe ká ní owó kì í ṣe ìṣòro.

Nínú Èkó yìí? Ta ni owó kì í ṣe ìṣòro fún? Irú wọn kan kó wa jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Ìkẹjà nígbà tèmi, ó wọ súùtù, ó ní ká dijú, ká wo ibi tí a máa wà lọ́dún márùn-ún sí i. Mo dijú. Oorun ló gbé mi lọ, torí ìdájí ni mo máa ń jí kí n tó lè débi iṣẹ́. Ìgbà tí mo máa lajú, wọ́n ti ń ta ìwé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó bi mí pé èló ni owó ilé mi, tàbí pé bùkátà àwọn wo ló wà lọ́rùn mi.

Káfíńtà ni mí báyìí, ní Mùṣín. Obìnrin ni mí o. Bí mo ṣe dénú iṣẹ́ náà ò nira: mo lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù bàbá kan ládùúgbò wa lọ́jọ́ Sátidé, bàbá ní kí n máa bọ̀, mo ń lọ, mo kọ́ ọ, mo gba fúríìdọ̀mù. Ó parí. Ohun tó fẹ́ pa mí ni bí mo ṣe kúrò ní báǹkì, ìyẹn sì ni kí o fetí sí.

Gbé lẹ́tà tí wọ́n fi gbà ọ́ síṣẹ́ jáde. Orúkọ ta ló wà lókè rẹ̀? Ọ̀pọ̀ wa tó ń gbé káàdì báǹkì kọ́rùn, báǹkì kọ́ ló gbà wá, iléeṣẹ́ kan tó ń kó òṣìṣẹ́ fún wọn ni. Èmi ń jókòó ní Màrínà, àwọn tó ń san owó oṣù mi wà ní Méńláńdì lọ́hùn-ún, mi ò sì rí ojú wọn àfi lọ́jọ́ tí mo fọwọ́ síwèé. Nígbà tí mo kọ lẹ́tà pé mò ń lọ, mo gbé e fún ọ̀gá mi, mo ní kó bá mi fọwọ́ sí ẹ̀dà kejì. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé o ò fọkàn tán mi ni?" Ó sọ lẹ́tà náà sínú àpótí tábìlì rẹ̀, ó ní tí oṣù bá parí a máa sọ ọ́. Oṣù parí, owó ò wọlé. Mo pè, wọ́n ní ohun tó wà lákọsílẹ̀ ni pé mo sá lẹ́nu iṣẹ́. Èmi tí mo ti ń fi iṣẹ́ han ẹni tó máa gbapò mi!

Mo lọ bá iléeṣẹ́ tó gbà mí, wọ́n ní kí n lọ gba ìwé wá láti báǹkì pé kò sí ohun ìní wọn lọ́wọ́ mi. Mo dé báǹkì. Wọ́n ti gba káàdì mi, ọmọkùnrin ẹ̀ṣọ́ tí a jọ máa ń kí ara wa láràárọ̀ wá sọ pé, "Àǹtí, ẹ má bínú, wọ́n ní kí ẹ dúró síta." Nínú oòrùn Màrínà. Ẹni tó yẹ kó fọwọ́ síwèé wà ní ìpàdé. Mo padà wá, ó ṣì wà ní ìpàdé. Mo tún wá, ó ti lọ lo ìsinmi rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè bá a fọwọ́ sí i. Mo máa wọkọ̀ padà sí Méńláńdì, wọ́n á ní láìsí ìwé báǹkì, àwọn ò lè fún mi ní lẹ́tà pé àwọn yọ̀ǹda mi. Láìsí lẹ́tà yẹn, àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, tí wọ́n ń pè ní PFA, ò ní dá mi lóhùn.

Owó ìfẹ̀yìntì yẹn, má fojú kéré ẹ̀. Òfin ọdún 2014 ní kí wọ́n yọ ó kéré tán ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó oṣù rẹ, kí agbanisíṣẹ́ fi ìdá 10 tiẹ̀ kún un, kó sì débi tó ń lọ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn tí wọ́n bá sanwó oṣù. Bí o bá fiṣẹ́ sílẹ̀ tí o ò tíì pé ẹni 50 ọdún, tí oṣù 4 kọjá tí o ò ríṣẹ́ mìíràn, o lè gbà tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà níbẹ̀. Ìyẹn ni mo gbójú lé láti fi ra irinṣẹ́. Mo ní kí àwọn PFA tẹ àkọsílẹ̀ mi jáde, àwọn oṣù kan ṣófo láàárín. Wọ́n yọ ọ́ lára owó mi, ó hàn nínú ìwé owó oṣù mi, kò dé ibì kankan! Obìnrin tó wà nídìí tábìlì níbẹ̀ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ajé, ó ní kí n lọ ṣe fọ́tòkọ́pì ohun tí mo ti fún un ní fọ́tòkọ́pì rẹ̀. Ìgbà tí mo kọ̀wé sí PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì, tí mo fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó gbà mí, ni wọ́n tó rántí orúkọ mi. Wọ́n pè mí lálẹ́, ohùn wọn ti di ohùn ẹbí.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ pé o ń lọ, gba àkọsílẹ̀ owó rẹ lọ́wọ́ PFA rẹ, kà á loṣooṣù. Bí àlàfo bá wà, inú ọ́fíìsì ni kí o ti bá wọn fà á, má jẹ́ kó di ẹnu géètì. Lẹ́tà rẹ, fi ránṣẹ́ sí ímeèlì HR àti ti àwọn tó gbà ọ́, kí ẹ̀dà kan wọ ímeèlì tìrẹ gan-an, kì í ṣe ti báǹkì tí wọ́n máa tì mọ́ ọ lójú lọ́jọ́ kan náà. Bí o bá yáwó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, bèèrè bóyá wọ́n máa ní kí o san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. HMO náà, ìyẹn ètò ìtọ́jú ìlera ibi iṣẹ́ rẹ, máa kú, torí náà bí eyín kan bá ń dùn ọ́, tètè lọ yọ ọ́.

Kí n tó gbàgbé: tí o bá ti ń wáṣẹ́ kiri, àwọn kan á máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù rẹ pé kí o wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbi tí o ò kọ̀wé sí rí. Má lọ. O máa débẹ̀, wàá bá èrò rẹpẹtẹ, oògùn àti tíì ni wọ́n á ní kí ẹ máa tà, ẹ̀yin lẹ sì máa kọ́kọ́ fowó yín rà á. Ẹni tó bá ní kí o sanwó fọ́ọ̀mù kí òun tó fún ọ níṣẹ́, olè ni.

Kí lo tiẹ̀ bèèrè? Bí o ṣe máa mọ iṣẹ́ tó bá ọ mu.

Ìrònú nìkan ò lè sọ ọ́. Láti orí afárá Third Mainland ni mo ti máa ń rí èéfín Oko Baba, níbi tí wọ́n ti ń la pákó, láràárọ̀, ohun tó ń bí mi nínú ni, torí ó ń wọnú bọ́ọ̀sì. Kò sí àlá tó sọ fún mi pé ibẹ̀ ni mo máa máa lọ ṣa pákó. Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti mọ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ ń pè mí ní Àǹtí Báǹkì, ìyá mi ń sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé mo gba ìsinmi, sánpépà nìkan sì ni bàbá gbé lé mi lọ́wọ́ fúngbà pípẹ́. Ohun tó mú mi mọ́lẹ̀ níbẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn kì í purọ́: yálà ó pa dé tàbí kò pa dé. Tágẹ́ẹ̀tì báǹkì, bí o bá bá a lóṣù yìí, wọ́n á gbé e sókè lóṣù tó ń bọ̀. Bí èmi àti bàbá bá ń jiyàn lórí igun kan, sìkúwéà la máa gbé sí i, ẹni tó bá jàre á jàre, ìbáà jẹ́ ọmọ iṣẹ́.

Mo sì wá mọ igi. Ìrókò tí ikán kì í ráyè jẹ bọ̀rọ̀, àfàrà, ọ̀mọ̀, arère tó fúyẹ́ tí kòkòrò sì fẹ́ràn. Wọ́n á búra fún ọ pé pákó ti gbẹ. Bó bá wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, omi ṣì wà nínú rẹ̀, ó máa lọ́ lẹ́yìn tí o bá ti pọ́líìṣì rẹ̀ tán, oníbàárà á sì dá a padà. Èyí ò kàn ọ́, mo mọ̀.

Èyí tó kàn ọ́: má tíì kọ̀wé sílẹ̀. Owó ilé ọdọọdún ò mọ̀ pé o ń wá ìtẹ́lọ́rùn kiri. Lo ìsinmi ọdún rẹ, kí o lọ síbi iṣẹ́ tó bá ń wù ọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí kò dùn ni kí o lọ. Bó bá jẹ́ olùkọ́ lo fẹ́ ṣe, lọ lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń máàkì ìwé ìdánwò. Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì, wá ẹni tó máa sọ bí iṣẹ́ alẹ́ ṣe rí fún ọ. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, bi ọ̀gá náà pé ta ló jẹ ẹ́ lówó jù, kí o wo ojú rẹ̀. Oníbàárà ń jẹ èmi náà lówó títí di òní, àwọn kan ṣì ń wọlé tí wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á ní káfíńtà dà. Tí o bá rí gbogbo ìyẹn, tó sì ń wù ọ́ láti padà lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ṣeé ṣe kí o ti rí i.

Bó bá wá jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ lábẹ́ ọ̀gá, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí o tó san kọ́bọ̀: ọdún mélòó, èló ni owó ìkọ́ṣẹ́, ta ló máa ṣètò fúríìdọ̀mù, ṣé Sátidé nìkan ni àbí ojoojúmọ́, àti pé ìwọ kọ́ lo máa fọ aṣọ ìyàwó rẹ̀. Bàbá tèmi kọ ọ́ láìjanpata. Èyí tó bá ní kí ẹ má ṣèyọnu kíkọ, pé ọmọ Yorùbá ni gbogbo wa, kí i dáadáa, kí o sì lọ wo ṣọ́ọ̀bù mìíràn.